Pákó Ìyá Eliazar

Irọ́ méjì ni mo pa. Èkíní, mo da aṣọ àánú bò ó, débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé oore ni mo ń ṣe. Èkejì kò ní aṣọ kankan lára. Èkejì yìí ni ó ń tì mí lójú jù, òun náà ni mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ẹni tó bá ń gbéra ga nítorí ìmọ̀ tó kó sórí lè wo ojú ara rẹ̀ nínú tèmi.

Marisel Chiguay ni orúkọ mi. Erékùṣù Aulinco ni wọ́n bí mi sí, ní gúúsù Chile, níbi tí òjò kì í ti í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀. Mo lọ sí yunifásítì ní Valdivia, mo sì kọ́ nípa igi àtijọ́: bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbà. Nígbà tí mo padà sílé, téèpù ìwọn-igi mi ń bẹ lápò mi nígbà gbogbo, n kò sì gba ohunkóhun gbọ́ tí téèpù náà kò bá jẹ́rìí sí.

Ọkọ̀ ojú omi wa ló gbé mi padà sílé. Porfiada ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Olóríkunkun. Bàbá bàbá Bàbá Rosamel, káfíńtà wa, ló kàn án ní ọdún 1911. Òun ló ń gbé ère Màríà Candelaria kọjá omi lọ síbi ọdún rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Òun ló ń gbé pòtétò wa lọ sọ́jà, òun náà ló sì ń gbé òkú wa lọ sí ibi ìsìnkú. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti dùbúlẹ̀ sétí omi, tí ìdajì ara rẹ̀ ti jẹrà, kí gbogbo erékùṣù tó fẹnu kò pé ó gbọ́dọ̀ tún wọ omi.

Àwọn olùkọ́ mi ní tí mo bá darí àtúnṣe náà, tí ọkọ̀ sì ta ìgbòkun lójú àwọn ní ọjọ́ Candelaria, àwọn yóò fún mi ní iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í gbé àwo ọrẹ káàkiri bí nǹkan bá wọ́n wa. Medán ni a máa ń ṣe. Ẹni tó ṣaláìní yóò dáná, yóò pe gbogbo ará ìlú wá jẹun, ẹnikẹ́ni tó bá sì wá yóò mú ohun kan ṣoṣo náà tí onílé kò ní dání. Medán adìẹ wà, medán àgùntàn wà, medán irúgbìn pòtétò wà. Ohun tí o bá ti gbé kalẹ̀ níbi medán ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá padà wá mú tirẹ̀, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún ẹ̀sín náà.

Medán pákó ni tiwa. Igi alerce ni wọ́n fi kan Porfiada, igi tí omi kì í rí gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de gígé rẹ̀, kò sí èyí tí a lè rà. Alerce tó kù ní Aulinco kò sí nínú igbó mọ́. Ara ògiri ilé wa ló wà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé wọn. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ń ru pákó bọ̀ láti orí òkè, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀kan tí ó fi òòlù yọ lára ògiri ara rẹ̀.

"Bàbá Rosamel, ẹ wo èyí! Ẹ̀yìn ààrò mi ni mo ti yọ ọ́. Ọgọ́ta ọdún ló fi gba èéfín."

"Kí ni kò ní gba èéfín sí? Ojoojúmọ́ kọ́ lo ń jó oúnjẹ ni?"

"Ọ̀mọ̀wé Onítéèpù, wá wọn tèmi! Pákó o. Má wọn ikùn mi."

"Tó bá wọn ikùn ẹ, téèpù á tán!"

Báyìí ni wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, tí èmi sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: nọ́ńbà pákó, gígùn rẹ̀, àléébù rẹ̀.

Ìyá Eliazar ló dé kẹ́yìn. Orfelina Remolcoy ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Opó ni. Eliazar ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lọ pẹja, òkun kò sì dá a padà, ì báà ṣe bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ni ìyá ti yọ pákó tirẹ̀. Àmì pẹ́ńsù wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlà kéékèèké, ọjọ́ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé mẹ́rìndínlógún. Bàbá ọmọ náà ló máa ń wọn bó ṣe ga tó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Bàbá Rosamel bọ́ fìlà.

"Ìyá Eliazar, ṣé ó dá yín lójú?"

"Òkun ló mú un lọ," ni obìnrin náà wí. "Kó wá máa ti òkun sẹ́yìn fún yín."

Àwọn kan yíjú sápá kan kí wọ́n lè nu ojú. Èmi tẹ̀ ba, mo na téèpù, mo sì kọ ọ́ pé: *Pákó kẹtàlélógójì. Alerce. Mítà méjì ó lé díẹ̀. Ó là ní ìsàlẹ̀.*

Ohun tí mo rí nìyẹn. Pé ó là.

* * *

Ní oṣù Kọkànlá, iṣẹ́ ti ń lọ, ṣùgbọ́n a kò ní ìgbòkun. Kò sẹ́ni tó lè yọ ìgbòkun lára ògiri ilé rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń ka ọjọ́ tó kù kí Candelaria tó pé, oorun sì ń dá lójú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Benavente wọlé. Ará Santiago ni. Ó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí etíkun tó kọjú sí wa, ó sì ń wá igi àtijọ́ tí yóò fi bo ògiri yàrá ìjẹun rẹ̀. Bàbá Rosamel ti lọ sílé lọ jẹun. Ọkùnrin náà ń rìn láàárín àwọn pákó bí ẹni tó ń yan ẹja lórí àtẹ, títí ó fi dúró.

"Arábìnrin, ta ló ni èyí tó ní àmì lára?"

"Ọkọ̀ ló ni ín."

"Ṣùgbọ́n ó ti là."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Tóò. Ẹ gbọ́ mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa méjì péré la wà níbẹ̀. "Mo ní ìgbòkun tuntun kan, odindi, pẹ̀lú okùn rẹ̀. Mo ní pákó sípírẹ́sì mẹ́ta tí kò lábàwọ́n. Ẹ kó gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ni kí ẹ fún mi."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀tàn ni. Mo ti rò ó tán kó tó pa ẹnu dé.

Ẹ wo bí ọmọwé ṣe ń rò. Mo ní, ó là, bóyá kò sì ní lè ru ẹrù. Mo ní, ọkọ̀ kì í ṣe ibojì. Mo ní, omi kò mọ ìwé kà, kò sóhun tí àmì pẹ́ńsù fẹ́ ṣe fún un. Mo ní, pákó kan tó lábùkù lọ, mẹ́ta tó dára àti ìgbòkun dé. Ta ló pàdánù? Gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ilé Bàbá Rosamel kò ju ogójì ẹsẹ̀ lọ sí ibi tí mo dúró sí, n kò sì lọ bi í. N kò bi í nítorí mo mọ ohun tó máa sọ.

Kí ó tó padà dé láti ibi oúnjẹ, pákó náà ti wà nínú ọkọ̀ Benavente, wọ́n ti fi tapólì bò ó. Nígbà tí ìgbòkun àti sípírẹ́sì dé, gbogbo èèyàn rò pé yunifásítì ló fi wọ́n ránṣẹ́, n kò sì tọ́ wọn sọ́nà.

* * *

Lọ́sẹ̀ náà, Ìyá Eliazar wá pẹ̀lú milcao gbígbóná nínú aṣọ, àkàrà pòtétò tí a kì í jẹ ní tútù.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èwo ni tiwa?"

Tiwa. N kò retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo na ọwọ́ sí pákó kẹta láti ìsàlẹ̀, ní apá ọ̀tún nínú ọkọ̀, ọ̀kan lára sípírẹ́sì Benavente.

"Òun nìyẹn, Màmá. A fá ojú rẹ̀ kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí àmì rẹ̀ mọ́."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á lọ, rà á bọ̀. "Wò bó ṣe ń dán! Eliazar ò dán báyìí rí, àfi tí mo bá fi tipátipá wẹ̀ ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wò ó pé inú ìyá àgbà dùn, kí ló wá burú níbẹ̀?

Irọ́ èkíní nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Rosamel gbé ìfági sílẹ̀, ó wò yíká.

"Ọ̀mọ̀wé, pákó Ìyá Eliazar dà? Mo ti fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìgbòkun."

Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀ yẹn. Pákó náà kò tíì wọ ara ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ kékeré kan lè lọ gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìgbòkun tuntun ti wà lórí pákó níwájú mi, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Ó ti wá mú un padà," ni mo wí.

"Ta ni?"

"Ìyá Eliazar. Ó ní ọkàn òun ò gbà á mọ́. Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bá a sọ ọ́ o. Ojú ń tì í."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. "Orfelina? Orfelina mú nǹkan medán padà?"

"Abiyamọ tó ṣòfò ni, Bàbá."

"Ta ni kò ṣòfò ní erékùṣù yìí?" Ó gbé ìfági, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́.

Irọ́ èkejì nìyẹn. Mo gbé orúkọ rere obìnrin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo fi dí ihò tí èmi fúnra mi gbẹ́.

* * *

Bàbá Rosamel kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí èéfín ṣe ń jáde nílé.

Ìyá Eliazar ń bọ̀ lójoojúmọ́. Yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò fi ẹ̀yìn ti pákó kẹta láti ìsàlẹ̀, yóò máa rọra sọ̀rọ̀: adìẹ tó yé ẹyin sínú koríko, orúnkún tó ń ro òun, òjò tó ba ọgbà jẹ́. Bàbá Rosamel rò pé ọkọ̀ ló ń bẹ̀ fún ohun tó ṣe.

"Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan. "Kò lè lọ, kò lè dúró."

Mo ń wọn nǹkan tí mo ti wọ̀n tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di àsìkò tí gbogbo ilé ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti wa pòtétò àkọ́so, kò sẹ́ni tó lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Eliazar lọ bẹ̀ ẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn ọmọbìnrin lọ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin a máa jókòó pọ̀ lórí àga gígùn. Bí òun bá ti dé, àga a kún. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, bá mi wò ó. Ṣé mo ṣẹ ẹnì kan ni?"

"Rárá o, Màmá. Iṣẹ́ ló wọ àwọn èèyàn lọ́rùn."

"Iṣẹ́ náà mà pọ̀ o," ló wí, ó sì so gèlè rẹ̀ le. "Wọn ò rójú kí èèyàn mọ́."

Mo lè pe èyí ní irọ́ kẹta. N kò kà á mọ́. Ọmọ irọ́ èkejì ni.

Ọjọ́ Candelaria pé. Porfiada ta ìgbòkun, funfun, ó kún. Ère Màríà wà níwájú, àwọn olùkọ́ mi wà lẹ́yìn, wọ́n ń ya fọ́tò. Ní àárín omi, afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, ìgbì gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn kígbe. Mo wo ìsàlẹ̀. Ìyá Eliazar fi apá méjèèjì di pákó sípírẹ́sì yẹn mú.

"Dúró gírí, ọmọ mi. Dúró gírí fún ìyá ẹ."

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. "Ẹ wò ó! Ẹni tó mú tiẹ̀ padà ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ jókòó!"

Nígbà tí a gúnlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà iṣẹ́ mi dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹta, apá tó di pákó mú ni mo ń rí láàárín àwọn ìlà rẹ̀.

* * *

Ní òpin oṣù Kejì, Ọ̀gbẹ́ni Benavente ṣí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ará Aulinco wá jẹun ọ̀sán. Mo sáré ránṣẹ́ sí i pé kó gbé pákó náà sí ibi ìkọ̀kọ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, àyè tó dára jù ló wà. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé àyè tó dára jù àti ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo lọ sílé Ìyá Eliazar. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára.

"Màmá, ọ̀nà jìn o. Orúnkún yín ńkọ́? Mo lè bá yín gbé oúnjẹ bọ̀."

Ojú rẹ̀ rọ. "Ṣé wọ́n ní kí n má wá ni?"

"Rárá, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ n lọ, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti pè mí síbì kan."

Yàrá ìjẹun náà tóbi, gíláàsì ló kọjú sí omi. Ògiri tó kù, pákó àtijọ́ ni wọ́n fi bò ó, ní àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni wọ́n kan pákó kẹtàlélógójì mọ́, iná kékeré kan ń tàn sí i láti òkè, bí èyí tí a ń tàn síwájú ère.

Ìyá Eliazar wọlé, ó ń tú gèlè tí òjò ti rin. Ó gbójú sókè. Gèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò kígbe. Ó rìn lọ bá ògiri, ó tẹ̀ ba, ó sì fi ìka kan ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Méjì," ló wí. "Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ìgbà tí ibà fẹ́ pa á nìyí. Márùn-ún."

Ó ń kà á lọ sókè. Nígbà tó dé mẹ́rìndínlógún, ó ní láti na ẹsẹ̀ kó tó kàn án.

Bàbá Rosamel sún mọ́ ọn. "Orfelina, ṣé o mú un padà kí o lè tà á fún àwọn wọ̀nyí ni?"

"Mú kí ni padà?"

"Pákó ẹ. Ṣé o ò mú un padà lọ́wọ́ wa ni?"

"Èmi? Nǹkan medán?" Ó yíjú pa dà, ohùn rẹ̀ sì le. "Rosamel, ṣé orí ẹ pé? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Rosamel kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo ibi tí mo dúró sí. Gbogbo ilé wo ibi tó wò.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Benavente jáde wá pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Àṣé ẹ ti rí i! Ó dára, àbí? Arábìnrin Marisel ló bá wa ṣètò ẹ̀. Ìgbòkun yín tó rẹwà yẹn la fi ṣe pàṣípààrọ̀."

Ìyá Eliazar ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ó dúró níwájú mi.

"Marisel." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọmọ mi ló ń pè mí. "Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta wá?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ orúkọ gbogbo kòkòrò tó ń jẹ igi. Mo mọ orúkọ gbogbo irú ìjẹrà. Mo wá ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kan péré tó yẹ, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi nìyí:

"Sípírẹ́sì ni, Màmá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn dáadáa. Ó ṣa gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jáde sínú òjò.

Àwọn obìnrin tó ń kún àga mọ́ ọn dìde, wọ́n tẹ̀ lé e. Bàbá Rosamel ló kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, ó fi ọwọ́ wo ibi tó là.

"Ìka mẹ́rin," ló wí fún mi láìgbé ohùn sókè. "Ìka mẹ́rin péré ni mo máa gé kúrò nídìí ẹ̀, ìyókù á sì pẹ́ jù wá lọ láyé. Ìwọ tó ní téèpù, ṣé ẹnu ló wọ́n ẹ láti béèrè ni?"

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ Benavente ní ọjọ́ kejì. Mo ní kó gba ìgbòkun rẹ̀. Ó kọ̀.

"Àmì yẹn làwọn àlejò kọ́kọ́ ń ya fọ́tò," ló wí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun náà ń wo igi, bí mo ṣe wò ó. "Àfi tí ẹ bá rí òmíràn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀."

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Láti ọjọ́ oúnjẹ náà, kò tíì bá mi sọ gbólóhùn tó pé. Ó dìde, ó mú òòlù nídìí ààrò, ó sì lọ dúró níwájú ògiri ilé ìdáná wa, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń fà mí dúró ní gbogbo ọjọ́ ìbí mi, tí á tẹ orí mi mọ́lẹ̀, tí á sì fa ìlà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

"Rárá," ló wí. "Èmi ni mo wọ̀n ẹ́. Èmi ni n ó yọ ọ́."

Ìṣó kọ̀ọ̀kan dún bí eyín tí wọ́n ń fà.

Mo gbé tèmi fún Benavente, mo sì gba ti Eliazar. Láti èbúté dé ilé Ìyá Eliazar, orí òkè ni. Ọ̀sán gangan ni mo yàn, mo sì ru pákó náà lórí èjìká, kí gbogbo fèrèsé lè rí mi. Wọ́n rí mi. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Ọ̀mọ̀wé Onítéèpù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yẹ̀yẹ́ yẹn, ìfẹ́ ni.

Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìloro. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kí aládùúgbò gbọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ èkíní àti èkejì, láìfi aṣọ kankan bò wọ́n.

Ó dá mi lóhùn láti inú ilé.

"Ní ọjọ́ Àìkú, o máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bó o ṣe sọ ọ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbé e lọ fún Rosamel."

"Màmá, tiyín ni. Mo gbé e padà wá fún yín ni."

Ó yọ sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti rí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, tó fi páálí dí.

"Gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Ohun tí mo bá ti fún èèyàn, mi ò kì í gbà á padà. Gbé e lọ."

Ọjọ́ kan ni Bàbá Rosamel fi tú sípírẹ́sì kúrò, tó sì fi alerce náà sí àyè rẹ̀. Ó gé ìka mẹ́rin. Ó kọjú àmì sí inú ọkọ̀, kò fi ìfági kàn wọ́n. Ìyá Eliazar tún ń wá jókòó síbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń jókòó tì í. Ó ń kí mi bí a bá pàdé lọ́nà, ó ń pè mí ní Marisel. N kì í ṣe ọmọ rẹ̀ mọ́, n kò sì rò pé n ó tún dà á.

Mo kọ òtítọ́ sínú ìwé àtúnṣe tí mo fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Wọ́n gba iṣẹ́ náà padà. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́.

Bí ẹ bá wọ òtẹ́ẹ̀lì náà lónìí, ẹ ó rí àlejò tó ń dúró ti ògiri, tó ń fi ọmọ rẹ̀ wé àmì pẹ́ńsù, tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ pé ta ni ọmọ yìí, ṣé ó ṣì wà láàyè. Èmi ni. Mo wà láàyè. Ilé ìyá mi ni mò ń gbé, ní òdìkejì omi.

Ìyá mi kò gbà kí n dí ihò tó wà lára ògiri ilé ìdáná wa pẹ̀lú pákó. Páànù bísíkíìtì ló tẹ́ pẹlẹbẹ tó kàn mọ́ ọn, kò sì bò ó tán. Bí òjò bá ń bọ̀ láti gúúsù, afẹ́fẹ́ a máa gba ibẹ̀ wọlé, ní ibi tí orí mi dé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gan-an. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni àga mi wà. N kò sún un.